Mòsáíìkì Dígí Lórí Dígí: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Dígí, Gọ́ọ̀mù àti Gíráùtì Tó Bá Fèrèsé Yín Mu

Mòsáíìkì tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn àwòrán tí a fi wẹ́wẹ́ tò, ara ògiri tàbí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí i lójú, á ta padà sí wa, ó parí. Dígí lórí dígí kò rí bẹ́ẹ̀. Dígí tó mọ́ gaara ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, wẹ́wẹ́ dígí aláwọ̀ la ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yìn sì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Torí náà, gbogbo ohun tó bá wà láàárín ìmọ́lẹ̀ àti ojú wa ló máa hàn: àwọ̀ dígí, gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há sínú gọ́ọ̀mù náà, àti àlàfo tó wà láàárín wẹ́wẹ́ kan sí èkejì, tí a máa ń fi gíráùtì (àpòpọ̀ bíi sìmẹ́ǹtì) dí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dá ìbéèrè padà fún ẹni tó bá bi mí pé gọ́ọ̀mù wo ló dára jù. Irú dígí wo lẹ fẹ́ lẹ̀? Fèrèsé wo lẹ fẹ́ gbé e sí? Ẹ ò lè yan ọ̀kan láìwo ìyókù. Gọ́ọ̀mù tó ṣe dáadáa lábẹ́ dígí kan lè ba òmíràn jẹ́ pátápátá.

Ẹ má fi í pe fèrèsé aláwọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì o. Irú èyí tí Yusuf Grillo, àgbà ayàwòrán tó kú lọ́dún 2021, ṣe fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó, iṣẹ́ míì gbáà ni. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òjé ló sábà máa ń so dígí kan mọ́ èkejì, wọ́n á sì jó oríkèé òjé náà pọ̀. Ó gba irinṣẹ́, ó gba ọ̀gá tó máa kọ́ni. Ti wa yìí, tábìlì kan, ohun ìgé dígí, ohun ìdáàbòbò ojú àti sùúrù ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ fèrèsé olójèé lè dá dúró láìsí dígí míì lẹ́yìn rẹ̀. Ti wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú un wúwo.

Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà

Nílẹ̀ Yorùbá, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín orí wa kọjá lọ́sàn-án. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ń rí oòrùn gidi láàárọ̀, èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ń rí i nírọ̀lẹ́. Èyí tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù kì í sábà rí ju ìmọ́lẹ̀ òjìji lọ, pàápàá bí òrùlé bá yọ síta bò ó.

Ìyàtọ̀ yìí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní fèrèsé ìlà tàbí ìwọ̀ oòrùn, ẹ lè lo búlúù tó jinlẹ̀ àti pupa tó ki, oòrùn á la inú wọn kọjá, àwọ̀ wọn á sì tàn sílẹ̀ yàrá. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí oòrùn ń sọ di pupa rúsúrúsú kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ní fèrèsé àríwá tàbí gúúsù, búlúù tó jinlẹ̀ yẹn á dà bíi dúdú lásán. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ẹ lo àwọ̀ oyin, yẹ́lò, àwọ̀ ewé fífúyẹ́ àti búlúù ojú ọ̀run. Gọ́ọ̀mù ò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ àpótí tí iná LED wà nínú rẹ̀ lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ ṣọ́ra fún dígí tó mọ́ gaara, torí ẹ ó máa rí gílóòbù kọ̀ọ̀kan bí ojú tó ń wò yín láti ẹ̀yìn. Dígí tó ní funfun bíi wàrà nínú ló yẹ ibẹ̀.

Dígí ìsàlẹ̀: lúfà, dígí fèrèsé, dígí alágbára tàbí Perspex?

Lúfà ni mo fẹ́ràn jù, mi ò fi pamọ́. Látìgbà tí àwọn onílé ti ń yọ fèrèsé lúfà, tí wọ́n ń fi alumíníọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé kún fún abala lúfà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Ó nípọn, 5 mm tàbí 6 mm lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti dán etí rẹ̀ gígùn méjèèjì kó má bàa géni lọ́wọ́, fífẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ínǹṣì 6 sì mọ níwọ̀n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi bíléèdì ha ọ̀dà tó ta sí i lára, kí ẹ wá fi sípíríìtì nù ún gbẹ̀yìn. Òróró ọwọ́ lásán tó láti má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dì í mú.

Dígí fèrèsé tuntun dára bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín fẹ̀ ju lúfà lọ. Ẹ ra 4 mm ó kéré tán, kí ẹni tó ń ta dígí gé e fún yín, kí ẹ sì fi òkúta ìpọ́nbẹ tó tutù fómi dán etí rẹ̀. Nínú ṣíṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti lúfà, owó àti etí rẹ̀ nìkan ló yà wọ́n.

Dígí alágbára, irú ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ àti orí tábìlì, ń dán àwọn ènìyàn wò torí pé kì í tètè fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gé e. Bí ẹ bá gbìyànjú láti gé e, tàbí tí etí rẹ̀ bá fọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tòun ti iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó ti wà ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, tí àwọn ọmọdé sì wà nílé, ó wúlò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Perspex, ìyẹn pílásítíìkì tó mọ́ gaara bíi dígí, fúyẹ́, kì í sì í géni. Àmọ́ gíráùtì á ha á lára nígbà tí ẹ bá ń nù ún, ooru sì ń mú kó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ bí dígí ṣe ń fẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó le gan-an ò lè bá a nà. Lójú oòrùn wa níhìn-ín, èmi ò ní lẹ dígí mọ́ ọn.

Dígí aláwọ̀: èyí tó mọ́ gaara, èyí tó dà bíi wàrà, àti ìgò

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Ìgbò Olókun, n'Ílé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Àwọn baba wa ti ń ṣe dígí níbẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Lára sẹ̀gi àtijọ́, àwọn kan wà tó jẹ́ búlúù bí ẹ bá gbé wọn sọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá nà wọ́n sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á yí sí àwọ̀ ewé. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí gbogbo dígí tí ẹ bá fẹ́ rà nìyẹn. Ẹ má rà á lórí tábìlì. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, torí àwọ̀ tí ẹ rí nílẹ̀ lè má jẹ́ àwọ̀ tí ẹ máa rí ní fèrèsé.

Dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ṣe fún fèrèsé aláwọ̀ máa ń nípọn tó nǹkan bí 3 mm. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní cathedral: àwọ̀ kan ṣoṣo, ó mọ́ gaara, ẹ lè rí igi tó wà níta láti inú rẹ̀. Èkejì ni opalescent, tí funfun bíi wàrà dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ nínú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè rí òdìkejì rẹ̀.

Ẹ fi wọ́n wé ara wọn báyìí. Cathedral ló ń ju àwọ̀ sílẹ̀ yàrá nígbà tí oòrùn bá là á kọjá. Opalescent kì í jù ú sílẹ̀, inú ara rẹ̀ ló ti ń mọ́lẹ̀. Cathedral ń fi gbogbo àṣírí gọ́ọ̀mù hàn. Opalescent ń bò ó. Lálẹ́, tí iná bá wà nínú ilé tí òkùnkùn sì wà níta, cathedral á di dúdú, opalescent á ṣì fi àwọ̀ rẹ̀ hàn díẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, opalescent ni kó fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó wá fi cathedral sí ibi tó bá fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ lọ, bí inú òdòdó tàbí ojú ẹyẹ.

Owó wọn ò dọ́gba, ẹ má sì bá ẹni tó ń tà á jà. Kóbáltì ló ń fún dígí ní búlúù, bàbà ló ń fún un ní àwọ̀ omi òkun, pupa àti ọsàn sábà máa ń wá láti inú selenium àti cadmium, wúrà gidi ni wọ́n sì ń fi ṣe píǹkì tó dára jù. Torí náà pupa àti píǹkì á máa wọ́n ju àwọ̀ ewé lọ.

Dígí tó ń dán bí òṣùmàrè lójú kò bá iṣẹ́ yìí mu. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀yìn wá, dídán yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, owó yín sì ti lọ. Wẹ́wẹ́ táìlì dígí tí wọ́n ń lẹ̀ sínú bálùwẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ wọn ni ìmọ́lẹ̀ kì í gbà kọjá rárá.

Ìgò wá ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lẹ́wà. Ìgò bíà aláwọ̀ igi á di àwọ̀ oyin gidi bí oòrùn bá la inú rẹ̀ kọjá. Wàhálà rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ tẹ̀, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá lẹ àfọ́kù tó fẹ̀ tó ọmọ ìka méjì, àárín rẹ̀ á kan dígí ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ á gbé sókè, tàbí kó jẹ́ òdìkejì. Gọ́ọ̀mù á pọ̀ níbì kan, afẹ́fẹ́ á há síbòmíràn. Àfọ́kù kékeré, tí kò ju 1 cm lọ, ni kí ẹ lò. Ìgò ọtí ṣínáàpù aláwọ̀ ewé, èyí tó ní igun mẹ́rin, dára jù ú lọ torí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lára rẹ̀ lẹ ti lè rí ewé àti koríko tó tó yín lò. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e kí ẹ tó fi òòlù lù ú, kí ẹ bo ojú, kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ọmọ ìka.

Gọ́ọ̀mù: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù

| Gọ́ọ̀mù | Bó ṣe mọ́ tó | Omi | Oòrùn | Bó ṣe ń gbẹ |
|---|---|---|---|---|
| Sílíkóònù | Ó mọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń há sínú rẹ̀ | Kò ṣe é ní nǹkan kan | Ó gbà á dáadáa | Nǹkan bí wákàtí 24, àárín á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ |
| Gọ́ọ̀mù funfun | Ó mọ́ bó bá gbẹ tán | Á padà funfun | Ó gbà á níwọ̀nba | Ọjọ́ mélòó kan, nígbà míì ọ̀sẹ̀ kan |
| Rẹ́sìnì alápòpọ̀ méjì | Bíi dígí gan-an | Ó gbà á | Á pọ́n rúsúrúsú | Wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan |
| Gọ́ọ̀mù tí oòrùn ń mú le | Bíi dígí gan-an | Ó sinmi lórí irú rẹ̀ | Ó gbà á | Ìṣẹ́jú díẹ̀ |

Sílíkóònù ni àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù ń lò, torí náà kò sí ìlú tí ẹ ò ti ní rí i. Èyí tó mọ́ gaara ni kí ẹ béèrè fún, ẹ má gba funfun. Èyí tó ń rùn bíi fínígà ń ba ẹ̀yìn dígí ìwojú jẹ́, ṣùgbọ́n lórí dígí lásán kò sí ewu, òórùn náà á sì lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú sílíkóònù le, láti etí wọ àárín. Láàárín dígí méjì, ibi tí afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà gbà wọlé, àárín wẹ́wẹ́ tó fẹ̀ lè rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, á tún pẹ́ ju ti ìgbà òjò lọ. Ẹ tú u fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ dígí náà mọ́lẹ̀ láti àárín kí afẹ́fẹ́ gba etí jáde, kí ẹ sì fi bíléèdì gé èyí tó bá tú síta lẹ́yìn tó bá gbẹ, nítorí gíráùtì kì í dúró lórí sílíkóònù.

Gọ́ọ̀mù funfun, irú ti káfíńtà tàbí Weldbond, ni òdìkejì rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde kí ó tó gbẹ, torí náà ìgbà ọyẹ́ ló bá a lára mu, ìgbà òjò ló ń dà á láàmú. Ẹ gbé iṣẹ́ náà sókè kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: ẹ máa rí funfun tó ń sá láti etí lọ sí àárín wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan. Títí tí àmì funfun tó gbẹ̀yìn yẹn á fi lọ, ẹ má fi gíráùtì kàn án. Bí ẹ bá tètè dí àlàfo rẹ̀, omi náà á há sínú, kùrukùru á sì wà lábẹ́ dígí náà fún ìgbà pípẹ́. Fún àwòrán inú yàrá tí òjò ò lè dé, ó dára, ó sì dẹrùn fún ọmọdé láti bá wa lò. Fún fèrèsé tí òjò ń fẹ́ sí, rárá.

Rẹ́sìnì lẹ́wà débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé gọ́ọ̀mù kankan wà níbẹ̀. Ẹ máa wọn apá méjèèjì gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fojú díwọ̀n. Ooru wa máa ń jẹ́ kó tètè le, torí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, ní kùtùkùtù, lórí tábìlì tó tẹ́jú dáadáa, torí wẹ́wẹ́ dígí á máa yọ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀ títí tó fi máa dì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Àléébù rẹ̀ ò ṣe é tún ṣe: oòrùn á sọ ọ́ di rúsúrúsú. Lábẹ́ àwọ̀ oyin tàbí pupa, ẹ lè má rí i. Lábẹ́ búlúù àti dígí funfun, ó burú jáì. Àwọn kan ń ta èyí tí wọ́n ní kì í pọ́n, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fa ọjọ́ náà sẹ́yìn. Ẹ fi rẹ́sìnì ṣe iṣẹ́ inú àpótí iná tàbí fèrèsé tí oòrùn ò kọjú sí.

Gọ́ọ̀mù tí oòrùn ń mú le ló wọ́n jù, òun sì ni mo máa ń lò lábẹ́ cathedral. Ẹ ní àkókò láti tún dígí tò bó ṣe wù yín, ìgbà tí ẹ bá gbé e sóòrùn ni yóò le. Àmọ́ dígí pupa àti àwọ̀ oyin kì í jẹ́ kí ìtànṣán tó ń mú un le kọjá. Ẹ dojú iṣẹ́ náà dé nígbà náà, kí oòrùn gba ẹ̀yìn dígí ìsàlẹ̀ tó mọ́ gaara wọlé.

Bí a bá wá so dígí àti gọ́ọ̀mù pọ̀: opalescent pẹ̀lú sílíkóònù fún fèrèsé oòrùn, cathedral pẹ̀lú gọ́ọ̀mù oòrùn níbi kan náà, cathedral pẹ̀lú rẹ́sìnì fún ibi òjìji. Cathedral pẹ̀lú sílíkóònù ni kí ẹ sá fún, àfi tí gbogbo wẹ́wẹ́ yín bá kéré. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń lẹ bàtà tó já, kò yẹ iṣẹ́ yìí rárá. Ó máa ń fi èéfín funfun sára dígí, kì í sì í pẹ́ kó tó ya.

Ọ̀rọ̀ kan nípa dígí tó ní ọnà lójú, bí ìgbì omi tàbí ojú òjò. Bí ẹ bá dojú ọnà náà kọ gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù á kún inú rẹ̀, ọnà náà á sì pòórá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Bí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sókè, á hàn, àmọ́ gíráùtì á wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sókè, kí ẹ sì fi téèpù bò ó títí ẹ ó fi parí gíráùtì.

Àlàfo: dúdú, funfun, àbí kí ẹ fi í sílẹ̀?

Gíráùtì dúdú tàbí eérú kíki. Mi ò ní fi gígùn sọ ọ́. Gíráùtì kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, torí náà lọ́sàn-án, funfun pàápàá á dà bíi dúdú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tan iná yàrá lálẹ́, gíráùtì funfun á tàn yanran, á sì gba ojú kúrò lára àwọ̀. Bí ẹ ò bá rí dúdú rà, ẹ po sìmẹ́ǹtì funfun mọ́ ọ́ksáìdì dúdú tí àwọn tó ń ṣe ilẹ̀ tẹ̀rásò ń lò. Kí ọ́ksáìdì náà má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lágbára. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín 2 mm sí 3 mm, kí ẹ má sì fi yanrìn sí i, torí yanrìn lè ha dígí. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń po ó.

Àwọn kan máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láìdí i. Oòrùn á gba àlàfo náà kọjá pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ojú yín á sì máa sá lọ síbẹ̀ dípò àwọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gíráùtì, kó tò dígí rẹ̀ kí ó kan ara wọn gírígírí, kó sì da rẹ́sìnì lé e lórí, nínú ilé nìkan.

Ìwúwo àti gbígbé e kọ́

Dígí 1 mm tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó jẹ́ kìlò 2.5. Ẹ fi ṣírò: dígí ìsàlẹ̀ 4 mm jẹ́ kìlò 10, dígí aláwọ̀ 3 mm tó bò ó tán lè fi tó kìlò 7 lé e, gíráùtì ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú férémù tó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró, kì í ṣe kí ẹ lu ihò sí i kí ẹ fi okùn fà á. Abala lúfà kan tó gùn tó ínǹṣì 24 máa ń tó nǹkan bí kìlò 2 lẹ́yìn iṣẹ́, ṣéènì kékeré méjì tó wà lára férémù tó fún un.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú Òyìnbó, níbi tí fèrèsé jẹ́ dígí méjì tí wọ́n dì pọ̀, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ara fèrèsé fúnra rẹ̀. Ibi tí dígí aláwọ̀ wà á máa gbóná ju ibòmíràn lọ, fèrèsé náà sì lè là. Dígí ìsàlẹ̀ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e kọ́ síwájú fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá.

Ẹni tó bá sì fẹ́ dá lúfà rẹ̀ padà sínú férémù lúfà, kó ṣì máa ṣí i kó máa tì í, ojú inú ni kó lẹ iṣẹ́ náà sí. Kó fi nǹkan bí 3 cm sílẹ̀ láìlẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, torí pé lúfà kan máa ń gun orí èkejì nígbà tí ẹ bá tì í, kó sì fi ibi tí irin ti ń di lúfà mú sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kó wọn ibẹ̀ kó tó gé dígí kankan.